Èkó sí New York: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíka wákàtí bàálù

Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún màmá yín, ẹ má ṣe yọ aago ìgbéra kúrò nínú aago ìbalẹ̀ kí ẹ ní iye wákàtí tí bàálù fi fò nìyẹn. Aago Èkó ni wọ́n fi kọ ìgbéra sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago New York ni wọ́n fi kọ ìbalẹ̀. Bí bàálù bá kúrò ní Ìkẹjà ní aago 11 alẹ́ nínú oṣù Keje, tó balẹ̀ sí JFK, pápákọ̀ òfurufú New York, ní aago 5 ìdájí, ó jọ wákàtí 6 lójú. Ṣùgbọ́n aago 6 ìrọ̀lẹ́ ló ń lù ní New York nígbà tó gbéra, torí wákàtí 5 la fi ṣíwájú wọn. Wákàtí 11 gbáko ni màmá yín yóò fi jókòó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò gbọdọ̀ sí nínú àpótí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wọn. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà.

Ẹ má sì ṣe di wákàtí 5 yẹn mú títí ọdún fi parí. Aago tiwa kì í yí padà, ti Amẹ́ríkà ń yí. Láti ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, wákàtí 6 la fi ṣíwájú wọn.

Àlọ àti àbọ̀ náà kì í dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 8,400 kìlómítà ni méjèèjì. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bàálù tó ń lọ sí New York ń dojú kọ ọ́. Èyí tó ń bọ̀ wálé, ńṣe ló ń tì í lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àbọ̀ fi sábà máa ń yá ju àlọ lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia, lè dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni Addis wà, ìwọ̀-oòrùn ni New York wà. Ọ̀nà náà á di bí 15,000 kìlómítà, ká tó ka wákàtí tí ẹ máa fi dúró de bàálù kejì. Ẹ má ra irú rẹ̀ fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òru. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ àfi bí àkùkọ bá kọ. Ti tíkẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: bí aago 12 òru bá ti lù, ọjọ́ ti yí. Aago 12:15 òru ọjọ́ Ẹtì ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì àǹtí mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, a ṣì ń wọn gàrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé e kúrò, kó má ju 23 kílò lọ. Ọmọ wọn ló pè láti New York pé òun kò rí wọn. Bàálù ti dé, ó ti já èrò sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí irú aago bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ “ọjọ́ Ẹtì” fún màmá, ẹ má sọ ọ́ fún awakọ̀ tó máa gbé wọn. Ẹ sọ pé òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n sì ti wà ní Ìkẹjà láti aago 8 alẹ́ Ọjọ́bọ̀.