Bí mo ṣe fi R ka gíga ilẹ̀ Ìdànrè àti agbègbè rẹ̀ láti inú fáìlì báínárì

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń mójútó kànga dẹ̀rọ káàkiri Àkúrẹ́, Ìdànrè, Ìkẹ́rẹ́ àti Adó-Èkìtì fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ibi tí kànga kọ̀ọ̀kan wà ṣe ga tó ju ìtẹ́jú òkun lọ. Fóònù ló fi gba ibùdó wọn, ogójì ni gbogbo wọn, ó sì tọ́jú wọn sínú shapefile, irú fáìlì tí wọ́n fi ń tọ́jú ibùdó nǹkan lórí máàpù. Ìlà ìbú àti ìlà òòró tí fóònù gbà dára tó, ṣùgbọ́n gíga tó ń gbé jáde kì í dúró lójú kan. Ẹ dúró síbì kan náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà tí ẹ máa rí á yàtọ̀ síra. Mo ní kó gbàgbé gíga orí fóònù, pé fáìlì SRTM la máa lò, ìyẹn gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi rédà wọn láti òfurufú, èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ R la ó sì fi kà á.

Ní oṣù kejì ọdún 2000 ni wọ́n wọn gíga yìí. Ọkọ̀ Endeavour tó ń rìn ní gbalasa òfurufú gbéra lọ́jọ́ 11, ó sì padà sílẹ̀ lọ́jọ́ 22. Rédà tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ ayé láti ìlà ìbú 60 ní àríwá títí dé 56 ní gúúsù. NASA àti iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù fún ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣáájú, Jámánì àti Ítálì náà sì lọ́wọ́ sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà ni R 1.0.0 jáde, nítorí náà ojúgbà ni ìwọ̀n yìí àti èdè tí mo fi kà á. Inú mi máa ń dùn sí i tí mo bá rántí. Ọ̀fẹ́ ni fáìlì náà lórí Earthdata ti NASA, kí ẹ kàn forúkọ sílẹ̀ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ tètè parí iṣẹ́ lè lo package terra (package ni àkójọ iṣẹ́ tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ fún R), kó kọ rast("N07E005.hgt"), ó tán. Èmi náà máa ń lò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ fúnra mi ka báìtì inú fáìlì náà, ìyẹn àwọn nọ́ńbà kéékèèké láti 0 dé 255 tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan. readBin ni mo fi kà á, tó ti wà nínú R láìfi ohunkóhun kún un. Àwa tá a ń bá ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣiṣẹ́ máa ń rí fáìlì báínárì, ìyẹn fáìlì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fojú kà, tí kò sí package kankan fún, ẹni tó bá sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀kan, ìyókù ò ní dẹ́rù bà á. Ìdí mìíràn tún wà tó ká mi lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣi CSV kà, ìyẹn tábìlì tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ lásán, ojúẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀, gbogbo ẹ̀ á dàrú lójú yín. Báínárì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni yóò máa dà jáde, ì báà tọ́, ì báà má tọ́, R kò sì ní fọhùn. Ẹni tó ń kà á ló gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ máa fi balẹ̀.

Ìtò fáìlì .hgt kò le. Kò ní orí, kò ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú kankan. Láti báìtì àkọ́kọ́ ni gíga ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ fáìlì ló gbé àdírẹ́sì rẹ̀. N07E005 ni igun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ìlà ìbú 7 àti ìlà òòró 5, fáìlì náà sì gba dìgíríì kan lọ sókè àti dìgíríì kan lọ sápá ìlà-oòrùn. Àkúrẹ́, Ìdànrè, Ìkẹ́rẹ́, Adó, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn bọ́ sí. Ẹ má ṣe yí orúkọ yẹn padà o, torí kò sí ibòmíràn tí wọ́n kọ àdírẹ́sì náà sí.

Báìtì méjì-méjì ni gíga kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà odidi tó lè ní àmì ìyọkúrò, mítà sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Nínú ẹ̀yà sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta (sẹ́kọ́ńdì ti dìgíríì ni, 3600 rẹ̀ ló wà nínú dìgíríì kan), tí àmì kan fi nǹkan bí 90 mítà jìn sí èkejì, ìlà 1201 ló wà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà 1201. Nítorí náà, kí n tó ṣí i rárá ni mo ti mọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó:

    1201 * 1201 * 2
    file.size("N07E005.hgt")

2884802 ni méjèèjì sọ. Ká ní ó fi báìtì kan ṣoṣo yàtọ̀ ni, mi ò ní tẹ̀ síwájú. Ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí fáìlì ń wọlé, ó sì lè jẹ́ zip tí wọn ò tíì tú. Tó bá jẹ́ 25934402 lẹ rí, ẹ̀yà sẹ́kọ́ńdì kan ló wà lọ́wọ́ yín, ìlà 3601 ni tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ṣí ẹ̀yà yẹn sílẹ̀ fún, ọdún 2014 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wá.

Kí n tó ka gbogbo rẹ̀, mo kọ́kọ́ yọjú wo báìtì mélòó kan:

    con <- file("N07E005.hgt", "rb")
    readBin(con, "raw", n = 16)
    close(con)

"rb" ni ẹ fi ń sọ fún R pé fáìlì báínárì ni. Tí ẹ bá fi "r" ṣí i, readBin á kọ̀ jálẹ̀. "raw" á sì fi báìtì hàn yín bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ní ònkà oní-16, tó ń lo 0 dé 9 àti a dé f.

Ibi tó yẹ ká fara balẹ̀ jù nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú ibi kan tó ga ní 914 mítà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3,000 tí wọ́n máa ń sọ pé òkè Ìdànrè ga tó. Nínú fáìlì, 03 92 ni wọ́n máa kọ ọ́. Báìtì 03 dúró fún 256 lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn 768. Báìtì 92 jẹ́ 146. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 914. Báìtì tó tóbi níye ló ṣáájú. Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, báìtì tó kéré níye ló máa ń fi ṣáájú, bí kọ̀ǹpútà bá sì ṣe ń ṣe ni R náà á ṣe, àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ka fáìlì náà lódì kí ọ̀rẹ́ mi lè rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. 914 tá a sọ yẹn á di -28157. Ìyẹn ò léwu, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ilẹ̀ Oǹdó wà ní kìlómítà méjìdínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òkun. Èyí tó léwu ni ti ihò. Ibi tí rédà kò bá rí dáadáa, -32768 ni wọ́n kọ síbẹ̀, báìtì rẹ̀ sì ni 80 00. Tí ẹ bá ka ìyẹn lódì, 128 ló máa dà. Mítà 128! Gíga tó bójú mu pátápátá ni lágbègbè wa, kò sì sí ohun tó máa mú yín fura sí i.

Bí mo ṣe kà á gan-an nìyí:

    con <- file("N07E005.hgt", "rb")
    g <- readBin(con, "integer", n = 1201 * 1201,
                 size = 2, endian = "big")
    close(con)
    g[g == -32768] <- NA
    m <- matrix(g, nrow = 1201, byrow = TRUE)

endian = "big" ló sọ fún R pé báìtì tó tóbi níye ló ṣáájú, NA sì ni R fi ń sọ pé kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé size = 2, báìtì mẹ́rin-mẹ́rin ni R á máa bù, á so gíga méjì pọ̀ di nọ́ńbà gbàǹgbà kan. length(g) ló máa tú àṣírí rẹ̀, torí 721200 lẹ máa rí dípò 1442401. byrow = TRUE náà ṣe pàtàkì. Láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ni wọ́n to nọ́ńbà, ìlà tó wà lókè pátápátá ní àríwá sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n R, òòró ló máa ń kún mátíríìsì tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀.

Ihò tó wà nínú fáìlì mi kì í ṣe àṣìṣe ẹnì kan. Ẹ̀gbẹ́ àpáta tó dúró ṣánṣán máa ń ṣíji bo ibi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìtànṣán rédà kò ní débẹ̀. Ẹ̀yà kẹta SRTM ti fi ìwọ̀n láti ibòmíràn dí irú ihò bẹ́ẹ̀, pàápàá láti inú ASTER, ìwọ̀n gíga mìíràn tí wọ́n fi sátẹ́láìtì ṣe. Èmi fẹ́ràn ẹ̀yà tó ṣáájú rẹ̀, nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n wọ̀n lóòótọ́ àti ibi tí wọn ò wọ̀n.

Mo wá ya àwòrán rẹ̀:

    image(t(m[1201:1, ]), col = terrain.colors(50), useRaster = TRUE)

image() kì í to mátíríìsì bá a ṣe ń tò ó sójú ìwé, ìdí nìyẹn tí mo fi yí ìlà rẹ̀ po tí mo sì fi t() dà á, kí àríwá lè wà lókè. Nígbà tó jáde, àwọn àpáta Ìdànrè hàn kedere nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tó yẹ kí wọ́n wà gẹ́lẹ́, gíga tẹ̀lé gíga pẹ̀lú àfonífojì tóóró-tóóró láàárín wọn. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkè náà rí máa dá ibẹ̀ mọ̀.

Àwòrán tó dùn ún wò kò tó ẹ̀rí fún mi. Fáìlì tó wà lókè tiwa, N08E005, ní ìlà kan tó jọ jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ìyẹn ìlà tó wà lórí dìgíríì 8 gan-an. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi ní 1201 dípò 1200: etí méjèèjì wà níbẹ̀. Mo ka ìyẹn náà bákan náà sínú m8, mo wá bi R léèrè:

    identical(m[1, ], m8[1201, ])

TRUE ló dáhùn. Nọ́ńbà 1201 tó ṣe kòńgẹ́ ara wọn láti inú fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, mo gbà pé ohun tí mo kà jáde ni wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Ó ku shapefile ọ̀rẹ́ mi. Iléeṣẹ́ Esri tó ń ṣe sọ́fítíwíà máàpù ti tẹ ìtò rẹ̀ jáde láti ọdún 1998, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Èyí ní orí, báìtì 100, wọ́n sì po ètò báìtì méjèèjì pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí bá a ṣe lè yẹra fún un:

    con <- file("kanga.shp", "rb")
    koodu <- readBin(con, "integer", 1, size = 4, endian = "big")
    readBin(con, "raw", 20)
    gigun <- readBin(con, "integer", 1, size = 4, endian = "big")
    eya <- readBin(con, "integer", 2, size = 4, endian = "little")
    aala <- readBin(con, "double", 8, size = 8, endian = "little")

Ibi tí readBin bá dúró sí ni èyí tó tẹ̀lé e ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà báìtì 20 tí a ò lò gbọ́dọ̀ kọjá lójú wa. koodu jẹ́ 9994, bó ṣe máa ń jẹ́ nínú gbogbo shapefile. gigun jẹ́ 610. Báìtì méjì-méjì ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn 1220 lápapọ̀, file.size() sì sọ bẹ́ẹ̀. eya jẹ́ 1000 àti 1, èyí tó kẹ́yìn ló sọ pé ojú kan-kan ni wọ́n tọ́jú síbẹ̀, kì í ṣe ìlà tàbí ààlà. Àkọsílẹ̀ ojú kan gba báìtì 28. Yọ 100 kúrò nínú 1220, pín in sí 28, ogójì ló kù. Kànga ọ̀rẹ́ mi pé.

Mi ò fi loop kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bu gbogbo báìtì tó kù lẹ́ẹ̀kan, mo tò wọ́n kí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró lóòró, mo sì gé ibi tí mo fẹ́:

    b <- matrix(readBin(con, "raw", 28 * 40), nrow = 28)
    close(con)
    x <- readBin(c(b[13:20, ]), "double", 40, endian = "little")
    y <- readBin(c(b[21:28, ]), "double", 40, endian = "little")

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gidigidi. readBin kò nílò fáìlì kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ gbé báìtì fún un, á tú u. Báìtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà àkọsílẹ̀ àti gígùn rẹ̀, mẹ́rin tó tẹ̀lé e ni ẹ̀yà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìlà òòró àti ìlà ìbú. range(x) bá aala[c(1, 3)] mu, range(y) náà bá aala[c(2, 4)] mu.

Síso méjèèjì pọ̀ kò gba wàhálà:

    i <- round((8 - y) * 1200) + 1
    j <- round((x - 5) * 1200) + 1
    giga <- m[cbind(i, j)]

Ẹ má kọ m[i, j] o, tábìlì ogójì lọ́nà ogójì ló máa kó fún yín. Orúkọ àwọn kànga wà nínú .dbf, fáìlì tábìlì tó bá .shp rìn. read.dbf inú package foreign ni mo fi kà á, bí wọ́n sì ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀kan ni wọ́n ṣe tò nínú èkejì.

Mo kọ ohun méjì sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà kí n tó fi ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé rédà yìí kì í wọ inú igbó dídí dé ilẹ̀, torí náà níbi tí igi bá pọ̀ sí, gíga tá a rí lè fi mítà mélòó kan ju ti ilẹ̀ lọ. Èkejì ni pé kànga kan lẹ́bàá àpáta Ìdànrè bọ́ sínú ihò. Mi ò fi ti aládùúgbò rẹ̀ dí i, torí pé lórí òkè bẹ́ẹ̀, 90 mítà péré lè gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ àpáta dé orí rẹ̀. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú CSV pẹ̀lú na = "". Ọ̀rẹ́ mi á ní láti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ síbẹ̀.