Ẹ Má Pe Ọmọ Sí Ìpàdé Tí Ẹ Ti Parí: Àṣìṣe Àwọn Òbí Tó Fẹ́ Kọ́ Ọmọ ní Òdodo

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan kó ẹrù wá fi hàn mí: ìwé ìtàn àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́, àwòrán ara ògiri, aṣọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òmìnira sí láyà. Ọmọ ọdún 6 ló ra gbogbo rẹ̀ fún, owó tó ná kò sì kéré. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà fẹ́ sọ nǹkan. Bàbá ní kó panu mọ́, àgbà ń sọ̀rọ̀. Inú bí mi. Ó lé lọ́dún 10 tí mo ti ń bá àwọn òbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan náà ni mo ń rí: owó ń jáde, ìwà ilé kò yí padà.

Èkíní, owó yẹn gan-an. Ìwé dára, mo ní wọn nílé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń dìde ṣiṣẹ́ nílé yín, ẹni tó ń jókòó, àti ẹni tí wọ́n máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Ọmọ ti ka ìyẹn tán kó tó mọ ìwé kà.

Èkejì, iṣẹ́ ilé fún ọmọbìnrin, eré fún ọmọkùnrin. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, "ó ti kéré jù láti gbọ́ nípa ìrẹ́jẹ." Ọmọ ọdún 6 ni Ruby Bridges, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń sìn ín wọ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ń lọ tẹ́lẹ̀ ní New Orleans, tí àwọn àgbàlagbà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń bú u. Ta ló bi òun bóyá ó ti kéré jù? Ẹ sọ ìtàn náà ní èdè tó bá ọjọ́ orí ọmọ yín mu. Kí ẹ sì fi kún un pé olùkọ́ kan wà, Barbara Henry, tó gbà á sí kíláàsì tó sì ń kọ́ òun nìkan, kó má baà jẹ́ ẹ̀rù nìkan ni ọmọ yóò gbé lọ sùn.

Ìpàdé ẹbí ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

Àwọn òbí á pe ọmọ jókòó, wọ́n á ní kí olúkúlùkù dá sí i. Ọmọ á sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n á ní "ó dáa, a ti gbọ́." Ohun tí wọ́n ti fẹnu kò sí látàná ni wọ́n á sì ṣe. Èmi náà ṣe é. Nígbà tí a fẹ́ kó kúrò nílé, mo ní kí àwọn ọmọ mi sọ èyí tó wù wọ́n nínú ilé méjì. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 9 nígbà náà, gbà mí gbọ́. Ó mú bébà, ó fa ìlà sí i láàárín, ó kọ ohun tó dára àti ohun tí kò dára nípa ilé kọ̀ọ̀kan, títí kan bí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ṣe jìn tó. Ó kà á fún wa. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti sanwó ọ̀kan ni?"

Mo ti sanwó. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin.

Ó fi bébà náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó dìde. Fún bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ohunkóhun tí mo bá bi í, èsì rẹ̀ ni, "Èyí tí ẹ bá fẹ́ náà ni." Àwọn àlejò ń yìn ín pé ọmọ tó gbọ́ràn ni. Èmi mọ ohun tí mo ti bà jẹ́. Ohun tí àgbàlagbà tí kò dìbò mọ́ máa ń sọ gan-an nìyẹn, ọwọ́ mi sì ni ọmọ mi ti kọ́ ọ.

Abala 12 nínú Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1989, sọ pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórí gbogbo ohun tó bá kàn án, kí a sì ka èrò náà sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. "Ṣé ọmọ ni yóò wá máa darí mi?" ni àwọn òbí máa ń bi mí. Rárá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ owó ilé, ààbò àti oògùn, àgbà ni yóò pinnu. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kedere: "Èyí, àwa la ó pinnu, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Bí a ó ṣe to yàrá rẹ, ìwọ ló ni ín." Ọmọ a máa gba "rárá" tó bá ní ìdí. Bí ẹ bá sì pe ìpàdé, kí ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọmọ lè yí padà lóòótọ́. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún pàdé, ẹ kà á jáde, ẹ sọ èyí tí ẹ ṣe, èyí tí ẹ kò ṣe, àti ìdí.

Bíbú àwọn tó dìbò fún ẹgbẹ́ kejì ńkọ́? Ẹ ń pè wọ́n ní òmùgọ̀ nídìí rédíò, lọ́jọ́ kejì ọmọ yín á lọ jókòó ti ọmọ wọn ní kíláàsì. Ẹ bẹnu àtẹ́ lu òfin, ẹ bẹnu àtẹ́ lu ohun tí olóṣèlú ṣe. Ẹ fi aládùúgbò sílẹ̀.

Pátákó ìwọ́de tí ẹ gbé lé ọmọ lọ́wọ́ nítorí fọ́tò: bí kò bá lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àti àìtọrọ àforíjì. Ó pẹ́ kí n tó lọ bá ọmọ mi. Mo ní, "Mo ti sanwó kí n tó bi yín. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú." Ó bi mí bóyá bébà rẹ̀ ṣì wà. Mo mú un jáde fún un. Ó tún tó oṣù méjì sí i kó tó dá sí ọ̀rọ̀ ní ìpàdé.