Bí a ṣe ń tún ilẹ̀kùn mọ́tò asáré àtijọ́ tó kọ̀ tí kò tì ṣe

Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́tò, tó sì ta padà sí yín lọ́wọ́, ẹ má gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan nínú lọ́ọ̀kì rẹ̀ ló ti kúrò níbi tó yẹ kó wà, agbára apá kò sì lè dá a padà. Mo mọ MGB kan, mọ́tò asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Adó-Èkìtì níbí tí wọ́n gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ títí gíláàsì fi fọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí a tú u, gírísì tó ti gan nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

MGB yìí náà ni mo máa fi ṣàlàyé. Abingdon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe é láti 1962 títí di 1980, iye rẹ̀ sì lé ní 500,000. Àbíkẹ́yìn pátápátá nínú wọn ti lé ní ọdún 40. Gírísì tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú lọ́ọ̀kì á dà bí oje igi, eruku pupa ọ̀nà wa àti ti ọyẹ́ á sì há sínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá sípánà oní-íńṣì. Sípánà mílímítà ló kún àpótí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, torí Toyota àti Peugeot ni iṣẹ́ tó ń wọlé fún wọn. Sípánà 13 máa wọ orí nọ́ọ̀tì ìdajì íńṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n 12.7 mílímítà ni ìdajì íńṣì. Àyè kékeré yẹn ló ń jẹ igun nọ́ọ̀tì tó bá ti dípẹtà. Mo ra tèmi ní àlòkù, mi ò sì yá ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo etí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ọjọ́un, ẹ ó rí ìkọ́ kan tó ń yí. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, ẹnu ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ là sílẹ̀. Bí a bá tì í, irin ara òpó mọ́tò tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́ á ti ìkọ́ náà, ìkọ́ á yí, ahọ́n kékeré kan á sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kó má lè padà. Bí ẹ bá rí i pé ìkọ́ ti panu dé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí, ẹ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú bí ẹni fẹ́ ṣí i, kí ẹ fi sukudíráfà yí ìkọ́ náà padà. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Bí kò bá parí, ẹ yọ páálí inú ilẹ̀kùn, kí ẹ tú lọ́ọ̀kì jáde, kí ẹ sì rì í sínú epo òyìnbó fún wákàtí kan. Ẹ má lo pẹtiróòlù, iná rẹ̀ kì í pẹ́ ràn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù dára ju aṣọ lọ, torí ó ń dé abẹ́ ahọ́n. Ẹ máa yí ìkọ́ síwá sẹ́yìn títí kò fi ní lọ́ra mọ́. Gírísì tuntun díẹ̀ tó. Ẹ má fi ọ́ílì dúdú tí wọ́n fà nínú ẹnjíìnì sí i, òun ló ń pe eruku. Bí súpíríǹgì bá já, ẹ wá èyí tó bá a dọ́gba lára lọ́ọ̀kì àlòkù. Ti báírò kò lágbára tó, ẹ má dán an wò.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ rè é. Wọ́n á da lọ́ọ̀kì padà, inú wọn á dùn, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í! Kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹ fi ọ̀pá sukudíráfà ti ìkọ́ bí ẹni pé irin òpó ló ń tì í. Ẹ ó gbọ́ kà, ẹ ó tún gbọ́ kà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá fa ọwọ́ ìta: ìkọ́ gbọ́dọ̀ fò ṣí. Ẹ tún tì í, kí ẹ fa ti inú. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo máa ń ṣe ti ìta, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ti inú. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ tún un tú.

Ìdí ni pé etí ilẹ̀kùn ni àwọn síkúrù tó di lọ́ọ̀kì mú wà, ẹ kò sì lè débẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti tì. Ọmọkùnrin kan láti Ìkéré gbàgbé láti fi irin tín-ín-rín tó ti ọwọ́ ilẹ̀kùn wá kọ́ lọ́ọ̀kì. Ilẹ̀kùn tì, kò sì sí ọwọ́ tó lè ṣí i. Ọpẹ́lọpẹ́ òrùlé kánfáàsì, ibẹ̀ la gbà wọlé, a tú àga, a ya páálí, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó ṣí.

Irin tín-ín-rín yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó le dan-in. Bí kò bá mì díẹ̀, yóò máa gbé ahọ́n sókè, ìkọ́ kò sì ní dúró láéláé.

Bí lọ́ọ̀kì bá dára lọ́wọ́ tí ilẹ̀kùn ṣì kọ̀, ẹ gbé ìdí ilẹ̀kùn sókè. Bó bá ń mì lọ mì bọ̀, hínjì ti jẹ. Ẹ tún hínjì ṣe ná. Ẹni tó bá sún irin òpó tẹ̀ lé ilẹ̀kùn tó ti wọ́ sílẹ̀ yóò tún padà wá sún un.

Bó bá jẹ́ irin òpó gan-an ló yẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, kí ẹ tú síkúrù rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má yọ gbogbo wọn: nínú mọ́tò mìíràn, pátákó irin tí síkúrù wọ̀ kò so mọ́ nǹkan kan, yóò já sínú òpó. Mo máa ń fi osùn tí mo pò mọ́ òróró kun ìkọ́. Ibi tó bá pọ́n lára irin òpó ni ìkọ́ ti ń kàn án, apá ibẹ̀ ni kí ẹ sì sún un sí, bí ìbú èékánná lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, kí ẹ gbọ́ kà méjèèjì. Kí ẹ tó da páálí padà, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bo ẹ̀yìn rẹ̀, torí òjò ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn.