Kí Ẹ Tó Náwó Lórí Fítámì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Abẹ́òkúta

Tí ó bá ti ń rẹ ènìyàn léraléra lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó lọ ra fítámì. Ó wà ní kẹ́míìsì ní Kútọ̀, ó wà lórí àtẹ ní Làfẹ́nwá, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó. Àmọ́ ohun tó ń fa àárẹ̀ pọ̀: ibà, aràn inú, ìtọ̀ ṣúgà, àìtó ẹ̀jẹ̀, kódà oyún tí obìnrin ò tíì mọ̀ pé òun ní. Fítámì kò wo ibà, kò sì wo ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta gbé e mì láìṣe àyẹ̀wò ti fún àìsàn náà ní oṣù mẹ́ta láti ta gbòǹgbò. Ẹ jọ̀ọ́, àyẹ̀wò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ṣe. Ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ PCV wò, wọ́n á sì sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó tàbí kò tó.

Ẹ wo inú ìkòkò ọbẹ̀ ná

Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ lọ rà ló wà lóko yín. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ẹ̀wà, máńgòrò, ìbẹ́pẹ, ọsàn: fítámì wà nínú gbogbo wọn. Epo pupa kún fún èròjà tó ń di fítámì A nínú ara. Bí a ṣe ń sè é ló máa ń bà á jẹ́. Epo tí a yọ́ títí tí pípọ́n rẹ̀ fi lọ, irú èyí tí a fi ń se ayamáṣe fún ìrẹsì ọ̀fadà, èròjà náà ti jóná níbẹ̀. Ẹ jẹ ayamáṣe yín, ó dùn, àmọ́ kí ọbẹ̀ ọjọ́ míì ní epo tí a kò yọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́ tí a bọ̀, tí a fún, tí a da omi rẹ̀ nù: fítámì C bá omi náà lọ. Omi díẹ̀ ni kí ẹ fi sè é, kó má pẹ́ lórí iná.

Láti ọdún 2011 ni irú ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tó sì ní èròjà fítámì A, ti jáde fún àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àgbẹ̀ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, léèrè igi rẹ̀.

Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó ń jẹun dáadáa, tí àyẹ̀wò rẹ̀ sì dára, fi gbọ́dọ̀ máa ra tóníìkì lóṣooṣù. Kó fi owó náà ra ẹyin àti ẹja fún àwọn ọmọ.

Àwọn tó nílò rẹ̀ ní tòótọ́

Aláboyún ni àkọ́kọ́. Èròjà irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, 30 sí 60 mg lójúmọ́, àti folic acid 0.4 mg, ni àjọ WHO ní kó máa lò. Ó dára kí folic acid ti bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dúró, torí oṣù àkọ́kọ́ ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń parapọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: folic acid tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì jẹ́ 5 mg, èyí sì lè dín agbára SP kù, oògùn tí wọ́n ń fún aláboyún láti dènà ibà. Ẹ fi ohun tí ẹ ń lò han nọ́ọ̀sì.

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ń gba fítámì A ní ilé ìlera lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ó ti tó, ẹ má ra òmíràn kún un. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru nílò ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi mu) àti zinc fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS máa ń lo folic acid, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ lo èròjà irin àfi tí dókítà bá ní kó lò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti iye mg ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀, tàbí hóró tí wọ́n dà sínú ọ̀rá. Èyí tí wọ́n bá ní ó ń wo gbogbo àrùn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Hóró ìsanra tí àwọn obìnrin ń rà kì í ṣe fítámì: oògùn kan tó ń jẹ́ dexamethasone máa ń wà nínú òmíràn, ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì ń sọ eegun di aláìlágbára. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kó má kàn dá a dúró lójijì, kó lọ rí dókítà.

Lílò rẹ̀

Ọsàn ń ran èròjà irin lọ́wọ́, tíì ń dí i lọ́wọ́, torí náà ẹ má fi tíì gbé e mì. Kí ìgbẹ́ dúdú má dẹ́rù bà yín, irin náà ló fà á. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn apakòkòrò doxycycline tàbí ciprofloxacin, ẹ bi wọ́n ní wákàtí tó yẹ kó wà láàárín òun àti irin, zinc tàbí calcium. Ẹ má lo oríṣi méjì tó ní fítámì A pọ̀. Fún aláboyún, èyí tó ju 10,000 IU lójúmọ́ lè ba ọmọ inú jẹ́.

Fítámì adìyẹ, ti adìyẹ ni. Ẹ má gbé e sí ibi kan náà pẹ̀lú ti ilé, ẹ má sì fi ṣíbí rẹ̀ wọn nǹkan fún ọmọ.

Hóró irin máa ń pupa, ó máa ń dán, ọmọdé sì máa ń rò pé súwíìtì ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ọmọ kékeré. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Bó bá jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì. Ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Èébì lè dá, kó máa ṣeré fún wákàtí bíi mélòó kan bí ẹni pé ó ti yá, kí ara rẹ̀ tó tún wọ́lẹ̀. Ẹ má tìtorí eré yẹn gbé e padà sílé.