Ọkọ̀ Tó Ń Jò: Ẹ Wá Orísun Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ohunkóhun

Ọkọ̀ tó ti pẹ́, tó sì ń gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko wá sí Adó, kò lè ṣe kó má jò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀ lè dúró di ìgbà tí owó bá wọlé, bí ẹ bá ṣáà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà lọ sílẹ̀ jù. Ti búréèkì àti ti bẹntiróòlù kò ṣeé fi dọ̀la. Ohun tó ń jẹ owó jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí wọ́n máa fi ìméfò pààrọ̀ nǹkan.

Páálí lábẹ́ ọkọ̀

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ní Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkè-Mẹ̀sí, níbi tí àgbàlá ti sábà máa ń dà gẹ̀rẹ́, ẹ lè ní láti wá ibòmíràn, nítorí lórí gẹ̀rẹ́, ọ́ìlì á ti rìn lábẹ́ ọkọ̀ kó tó kán. Ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn ọ́ìlì pàápàá á máa purọ́. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ di òwúrọ̀, kí ẹ kọ ibi tó jẹ́ iwájú sí i lára.

Dúdú tàbí búráùn ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Pupa jẹ́ ti gíà ọ̀tọ́mátíìkì tàbí ti sitẹ́ríìnì. Kúláǹtì, ìyẹn omi radiétọ̀, a máa ní àwọ̀ ewé tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ́ìlì búréèkì mọ́ bí omi tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀gbẹ́ inú táyà ló sì sábà máa ń wà. Omi lásán lẹ́yìn tí ẹ lo ẹ́sì (AC) kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá jẹ́ òórùn bẹntiróòlù ni ẹ gbọ́, ẹ má ṣe sítáàtì rárá.

Ẹ fọ ẹ́ńjìnì kí ẹ tó wò ó

Eruku pupa ọ̀nà oko wa máa ń pò mọ́ ọ́ìlì títí yóò fi di èèpá, ibi gbogbo á wá jọ ibi tó ń jò. Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, kí ẹ tú bátìrì, kí iná má sí nítòsí. Ẹ fi nálọ́ọ̀nù bo ọ́tánétọ̀ (alternator, tó ń fún bátìrì ní iná) àti ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosínì họ ọ́, lẹ́yìn náà omi ọṣẹ. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ tú nálọ́ọ̀nù kúrò, ẹ so bátìrì padà, ẹ wọ́n páúdà sí i lára, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ibi tó tutù tó ga jù, tó sì sún mọ́ iwájú jù, ni kí ẹ mú. Ọ́ìlì ń ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a sẹ́yìn. Èyí tí ẹ rí lára gíà lè jẹ́ láti tappet cover, ìdérí òkè ẹ́ńjìnì, ló ti wá. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀ nítorí síìlì ẹ̀yìn (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnì) kí ẹ tó rí i dájú pé òkè gbẹ.

Ẹ sì wo PCV kí ẹ tó ra síìlì kankan. Fáàfù kékeré ni, tí rọ́bà kan so mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Tó bá dí, atẹ́gùn tó há sínú ẹ́ńjìnì á máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, tuntun tí ẹ fi sí i náà á sì tún jò. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ mì ín: tí kò bá dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tappet cover

Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ohun tó ń dí ojú tí irin méjì ti pàdé kí ọ́ìlì má baà jò. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, sípánà nọ́ńbà 10 ló ń tú ìdérí náà. Ẹ fi igi tàbí ike ha gásíkẹ́ẹ̀tì tó gbó kúrò; ọ̀bẹ á ha ojú irin náà, á sì tún máa jò. Gọ́ọ̀mù kò ju ẹ̀kán díẹ̀ ní àwọn igun lọ. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù yí gbogbo rẹ̀ ká ń ṣe ìjàǹbá: èyí tó bá já sínú á lọ dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ́ìlì. Ẹ fi ọwọ́ lásán wé bóòtì wọlé, kí ẹ wá fún un láti àárín lọ sí ìta, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú agbára ọrùn ọwọ́ nìkan. Tí ẹ bá fún un jù, gásíkẹ́ẹ̀tì á fún jáde.

Omi radiétọ̀ tó ń dín tí páálí sì gbẹ

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí radiétọ̀, nígbà tó bá tutù o. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gan, kò ní mú omi dúró nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, bẹ́ẹ̀ ní àgbàlá ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá èèpá funfun tàbí aláwọ̀ ewé lẹ́nu họ́ọ̀sì àti nísàlẹ̀ pọ́ǹpù omi. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi ẹ̀kọ, tí èéfín funfun sì ń jáde láìdáwọ́ dúró, top gasket ni, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀ náà tì.

Búréèkì

Ọ́ìlì rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí páàdì bá ṣe ń jẹ, nítorí náà ẹ wo páàdì ná. Ẹ fi òkúta dènà táyà, ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ní táyà ẹ̀yìn, ẹ ká rọ́bà wheel cylinder (èyí tó ń ti búréèkì níbi táyà) sókè: tí inú rẹ̀ bá tutù, ó ti ń jò nìyẹn. Búréèkì tí ọ́ìlì ti rin kò ṣeé fọ̀. Ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì.

DOT (irú ọ́ìlì búréèkì) tí wọ́n kọ sórí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì náà sí ni kí ẹ rà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí ti gíà á mú kí gbogbo rọ́bà inú búréèkì wú, gbogbo wọn lẹ ó sì pààrọ̀. Láti lé afẹ́fẹ́ jáde, táyà tó jìnnà jù sí master cylinder (èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti ti ọ́ìlì lọ sí táyà) ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan á tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á tú nípù (ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde níbi táyà), á sì dì í padà kí ẹsẹ̀ tó kúrò. Ẹ máa bu ọ́ìlì kún un bẹ́ẹ̀ títí tí ìfófòó kò fi ní sí mọ́. Tí búréèkì bá ṣì rọ̀ lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan.