Yẹtí màámi, ilẹ̀pa, àti 40 kHz

Màámi ń kó aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé wa n'Íléṣà ni yẹtí wúrà wọn kan bá já bọ́. Yẹtí ọ̀hún ò ju èékánná ọmọdé lọ. A fọwọ́ wá a, a fi ajọ̀ jọ iyẹ̀pẹ̀, òfo.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni wọ́n yá mi ní metal detector wọn, ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, Minelab Equinox 800, tó ní 5, 10, 15, 20 àti 40 kHz (fríkúẹ́ńsì tó fi ń wá irin), ó tún ní Multi tó ń lò ju fríkúẹ́ńsì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ọ̀gá, mo ti gbọ́ pé èyí tó bá wálẹ̀ ló ń rìn jìnnà nínú ilẹ̀, mo gbé e sí 5. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti hú kọ́bọ̀ bàbà 1973 kan, bóòtù ńlá kan, àti ọ̀níní onihò kan tó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá bàbá mi ló ná an kẹ́yìn. Yẹtí ò dáhùn.

Alẹ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ìkejì yẹtí ṣì wà lọ́wọ́ màámi o! Mo tọrọ ẹ̀, wọ́n wò mí bíi kí wọ́n má fún mi. Mo fẹ́ fi dán ẹ̀rọ wò, mo wé e sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, mo rì í mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì níbi tí mo ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò pé kò sí irin kankan.

5 kHz, kẹ́kẹ́ pa. 10, bákan náà. 15, ó ń dún lápá kan, tí mo bá gbé e padà á dákẹ́. Multi gbọ́ ọ, àmọ́ 40 ló pè é ketekete, lọ bọ̀, nọ́ńbà 1 tàbí 2 lójú ẹ̀rọ (nọ́ńbà yẹn ló fi ń sọ irú irin tó rò pé ó gbọ́). Ìdí ẹ̀ ni pé kọ́ìlì, àwo tó wà nídìí ẹ̀rọ, ń rán agbára mágínẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀, 5 kHz jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan, irin tó bá kàn á gba iná díẹ̀ sára, iná yẹn ló ń fèsì. Lára nǹkan tó tóbi bíi kọ́bọ̀ bàbà, iná yẹn ń pẹ́ kó tó kú. Lára yẹtí, wàrà ló ń kú, 5 kHz ti falẹ̀ jù fún un.

Wàhálà 40 ni pé ó ń gbọ́ ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Ilẹ̀pa la ní, èròjà irin kún inú ẹ̀, gbogbo ibi ló ń pariwo. Mo bu sensitivity (bí etí ẹ̀rọ ṣe mú tó) kù láti 20 sí 14, mo tẹ bọ́tìnì ground balance mọ́lẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ohùn ilẹ̀ kó lè fojú fò ó, mo ń gbé kọ́ìlì lọ sókè sódò títí ariwo fi rọlẹ̀. Mo wá ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀ níbi tí ọmọ tuntun ń sùn, kọ́ìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, torí 40 ò jìn.

Kò sí lábẹ́ okùn aṣọ rárá, òjò ti gbé e dé ìdí ògiri balùwẹ̀. Mo ti hú fóìlì sìgá mẹ́rin níbẹ̀, gbogbo wọn ń fún mi ní 2, ó ti ń sú mi. Ìkarùn-ún, mo fi ìka fọ́ ògúlùtu kan, ẹ̀gbẹ́ yẹtí yọ bí eyín wúrà.

Màámi gbà á, wọ́n fomi ṣàn án, wọ́n jó díẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí tí o gbà lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

Ó ṣì wà nínú ilẹ̀. N ò sì fi àmì kankan síbẹ̀. Mo padà lọ gbé ẹ̀rọ.