Ẹ Yé Fowó Forum Ṣòfò Báyìí

Irinṣẹ́ tí a fi ń dá forum sílẹ̀, ìyẹn ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn sì ń dáhùn, kò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, phpBB, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2000. MyBB, SMF àti Flarum náà, ọ̀fẹ́ ni. Hosting (àyè tí a ń yá fún ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) olówó pọ́ọ́kú tó ní PHP àti MySQL, àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ti tó gbé èyíkéyìí nínú wọn. Síbẹ̀, kí àwọn tó ń dá forum sílẹ̀ tó pè mí pé kí n wá bá wọn tún un ṣe, owó á ti tán, bẹ́ẹ̀ ni kò ní tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, bóyá àyà mi á fúyẹ́.

Àkọ́kọ́: líla ẹ̀ka káàkiri kí èèyàn tó dé.

Ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́ dá forum sílẹ̀ fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀. Èrò tó dáa ni o. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti sanwó lógò, ó ti sanwó àwọ̀ àti àwòrán, ó sì ti la ẹ̀ka sílẹ̀: ọmọ ẹja, oúnjẹ ẹja, àìsàn, adágún, ọjà. Ó wá fi òṣèlú, bọ́ọ̀lù, àwàdà, ìfẹ́ àti ìgbéyàwó kún un. Ìfẹ́ àti ìgbéyàwó, lórí ọ̀rọ̀ ẹja! Òdo ni iye ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Àlejò tó bá wọlé tó rí òdo, òdo, òdo láti òkè délẹ̀ kò ní béèrè nǹkan kan, ta ni yóò dá a lóhùn? Ó ti jáde nìyẹn. Mo ní kó fi méjì péré sílẹ̀, ọ̀kan fún ìbéèrè, ọ̀kan fún ọjà. Ó ní ṣé mo rò pé òun ò mọ Nairaland (forum ńlá àwọn ará Nàìjíríà) ni, ṣé mi ò rí bí ẹ̀ka ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Gbogbo wọn ló ń pe Nairaland lé mi lórí. Ọdún 2005 ni Seun Osewa dá a sílẹ̀. WhatsApp ò tíì sí láyé, Facebook ò sì tíì ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Ẹni tó fẹ́ bá ará Nàìjíríà tàkurọ̀sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà kò ní ibi púpọ̀ tó lè yà sí. Ẹ̀yin tòní, inú WhatsApp lẹ ó ti lọ fa èèyàn jáde, ara sì ti tù wọ́n níbẹ̀. Ohun tí ẹ fi lè fà wọ́n ni pé ìdáhùn àná kì í sọnù lórí forum, Google sì lè rí i. Nítorí náà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí WhatsApp ni kí ẹ kó lọ síbẹ̀. Ẹ dáhùn rẹ̀ kúnnákúnná, kí ẹ wá máa fi ìlínkì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè. "Ẹ gbà mí o!" kì í ṣe àkọlé. "Ẹja mi kò jẹun lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ omi", ìyẹn ni ohun tí ẹlòmíì máa tẹ̀ sórí Google lóru. Èèyàn mẹ́wàá tó ń sọ̀rọ̀ sàn ju ọgọ́rùn-ún tó forúkọ sílẹ̀ tí kò padà wá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹja bá ti ń bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹ̀ka fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń la ẹ̀ka de ọ̀rọ̀, àga ìgbéyàwó lẹ ń yá láìtíì rí àfẹ́sọ́nà.

Ìkejì: gbígbé Discourse, irinṣẹ́ forum mìíràn, sórí hosting alájọlò. Kò ní gbé e. VPS (àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún yín nìkan lórí sáfà) ló fẹ́, memory 1GB ó kéré tán, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń san ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ rántí ohun tójú náírà rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìkẹta: domain (àdírẹ́ẹ̀sì forum lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí ẹni tó bá yín kọ́ forum fi orúkọ ara rẹ̀ rà kì í ṣe tiyín.

AdSense, ìpolówó Google, lọ́jọ́ kìíní? Ta ló fẹ́ wò ó?

Ọ̀rọ̀ backup (ẹ̀dà dátà tí a fi pamọ́) náà ń kọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ẹnì kan já wọ Nairaland, ó pa dátà rẹ́, ó sì pa backup tó wà lọ́dọ̀ hosting rẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dìde, ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan ti lọ pátápátá. Ẹ tọ́jú backup síbi tí password hosting yín kò lè ṣí, kí ẹ sì fi í gbé forum dìde níbòmíì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa kọ Yorùbá níbẹ̀, ẹ wo database yín (ibi tí forum ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí) dáadáa. Latin1, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà, á sọ àmì ohùn di àmì ìbéèrè. Èyí tí MySQL ń pè ní utf8 gba ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n kò gba emoji, ó sì lè gé ọ̀rọ̀ èèyàn síbi tí emoji ti bẹ̀rẹ̀. utf8mb4 ni kí ẹ lò. (Ọmọ mi ní mo máa ń pe orúkọ yìí lójú oorun. Mi ò jiyàn.) Ẹ dán àwárí forum wò pẹ̀lú, torí àwọn ètò kan kì í ka àmì sí: ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹja lọ sọ́jà, oko ni yóò máa rí.

Ẹ yé béèrè nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì ilé àti ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ béèrè iye tí oúnjẹ ẹja ń lọ. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Ohun tí ẹ bá gbà, ẹ̀yin lẹ ó ṣọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ní Yorùbá níbi ìforúkọsílẹ̀, irú bíi "Kí ni a ń fi èlùbọ́ rò?", ló ń lé ọ̀pọ̀ àwọn rọ́bọ́ọ̀tì spam lọ.

Ẹ má kàn fi ọ̀rẹ́ yín ṣe moderator (ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ orí forum) nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Mo rí ọ̀kan tó ń pa ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá bá a jiyàn bọ́ọ̀lù rẹ́, láìsọ ìdí. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ẹja jù ló kọ́kọ́ kó lọ.

Lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ ló kù, ìyẹn email tí forum ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail ń béèrè SPF tàbí DKIM (ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà náà ti wá lóòótọ́) lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ ò bá ṣètò rẹ̀, inú spam ni lẹ́tà yín á máa bọ́ sí, ẹ ó sì máa rò pé àwọn èèyàn ò fẹ́ràn forum yín. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ fi Gmail àti Yahoo tiyín forúkọ sílẹ̀, kí ẹ wo ibi tí lẹ́tà náà balẹ̀ sí.